Kí A Tó Dá Hẹ́ẹ̀dì Lẹ́bi

Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì wa yìí, láti Ìjerò dé Ìjurin, láti Arámọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rọ tí ń tẹ báńà kì í sinmi. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ ìsìnkú, Sátidé ni ìgbéyàwó àti oyè jíjẹ, ọjọ́ Àìkú ni ìdúpẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ kí àwòrán ìyá òun wà lójú ọ̀nà kí àlejò tó wọ̀lú kò ní etí tí yóò fi gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣòjòjò. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, àlejò ti wà lọ́nà o." Inú ìkánjú yẹn gan-an ni wọ́n ti ń pa hẹ́ẹ̀dì.

Hẹ́ẹ̀dì, ibi tí íńkì ti ń jáde sórí báńà, ló wọ́n jù lára ẹ̀rọ ńlá yìí, òun náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìlà funfun yọ lórí báńà, wọ́n á ní hẹ́ẹ̀dì ti kú. Àwọ̀ kan kò jáde, hẹ́ẹ̀dì ti kú. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́ ọ lẹ́nu mi: púpọ̀ nínú àwọn hẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní ó kú lágbègbè wa ni kò kú. Iná ló ṣe wọ́n, tàbí ọyẹ́, tàbí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró lé, tàbí rọ́bà kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá láti China kò mọ Ìjurin. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí iná kì í lọ, ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wá àrùn ẹ̀rọ níbí, ìta ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ inú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú hẹ́ẹ̀dì náà, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni í máa fi agbára mú un. Ní ọdún 1880, ní Paris, Jacques Curie àti Pierre àbúrò rẹ̀ rí i pé bí a bá tẹ àwọn òkúta dídán kan mọ́ra, iná mànàmáná díẹ̀ máa ń yọ lára wọn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi hàn pé bí iná bá kan òkúta náà, òun fúnra rẹ̀ á sún kì tàbí kó nà díẹ̀. Tourmaline wà lára àwọn òkúta tí wọ́n fi dán an wò. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí èyí, nítorí tourmaline wà lára ohun tí àwọn awakùsà ń wà jáde nínú ilẹ̀ Ìjerò. Amọ̀ àkànṣe tí ilé iṣẹ́ sun ló wà nínú hẹ́ẹ̀dì òde òní, àmọ́ ìwà kan náà ni òun àti òkúta yẹn jọ ní. Iná kàn án, ó tẹ̀. Bó ṣe tẹ̀, ó ti ẹ̀kán íńkì kan síta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Hẹ́ẹ̀dì Epson DX5 ní ihò 1,440 tí íńkì ń gbà jáde: ìlà mẹ́jọ, ihò 180 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. XP600, tó wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ní 1,080. i3200 ní 3,200. Konica 512, tí a máa ń bá lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, ní 512 bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo kò lè gba inú ihò wọ̀nyí kọjá. Irú nǹkan báyìí ni àwọn kan ń fi síríńjì ti omi ìfọ̀ wọ̀ tipátipá, títí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á fi ya, tí yẹ́lò á sì máa ṣàn wọnú dúdú. Lẹ́yìn èyí, òótọ́ ni, hẹ́ẹ̀dì ti kú. Ṣùgbọ́n ta ló pa á?

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìlà ìdánwò tí a ń pè ní nozzle check ni mo máa ní kí ẹ̀rọ kọ, mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, sórí flex funfun kan náà, rọ́bà tí a fi ń ṣe báńà. Ẹyọ kan kò tó, torí ẹyọ kan kò lè sọ bóyá àléébù náà ń rìn tàbí ó jókòó. Mo máa gbé e síta sínú oòrùn, torí yẹ́lò kì í hàn dáadáa lábẹ́ iná gílóòbù. Bí àwọn ìlà kéékèèké bá já níbì kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ihò ló dí tàbí iná kò dé ibẹ̀. Bí èyí tó já lẹ́ẹ̀kíní bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, tí òmíràn tó ti dára wá já, afẹ́fẹ́ ti wọnú íńkì, hẹ́ẹ̀dì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí àwọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń ṣá bí báńà ṣe ń gùn sí i, íńkì ni kò tètè dé: asẹ́ inú damper, àpótí kékeré tí íńkì ń gbà kọjá kó tó dé hẹ́ẹ̀dì, ti dí, tàbí rọ́bà tó ń gbé íńkì bọ̀ ti ká kọ́lọkọ̀lọ níbì kan. Bí hẹ́ẹ̀dì bá sì ń tú íńkì láìdáwọ́ dúró, tó ń fa ọ̀nà dúdú gbọọrọ kọjá lórí flex, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ tó so hẹ́ẹ̀dì mọ́ bọ́ọ̀dù, tàbí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ló ń dààmú, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ló sì kù kí ó jó hẹ́ẹ̀dì náà.

Ojú ènìyàn lórí báńà náà ń sọ tirẹ̀. Bí magenta bá já, ojú ìyá àgbà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á yí sí àwọ̀ ewé. Bí cyan ló bá já, á pupa rokoso. Ọmọ olóòkú lè máà mọ ohun tó ń jẹ́ magenta, ṣùgbọ́n bó bá ti na báńà náà, á ní, "Èyí kọ́ ni màmá wa." Òun ló jàre. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa kó irú báńà bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà pé bó ṣe rí nìyẹn, torí pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwòrán yẹn ni ará ilé yóò fi rántí ọjọ́ náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wá síta, síbi ilẹ̀. Òkúta ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, kó tó jìn dé orúnkún, ó lè ti kan àpáta. Nígbà òjò, ilẹ̀ á tutù, wáyà tí a fi so ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, earth tí à ń wí yìí, á ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ á lọ, earth tó ṣiṣẹ́ nínú oṣù Keje á sì ti di irin lásán nínú oṣù Kejì. Ẹ̀rọ kò ní sọ pé earth òun ti lọ. Ohun tí yóò máa ṣe ni pé kọ̀ǹpútà á já kúrò lára rẹ̀ láàárín iṣẹ́, ihò tí kò yẹ kó da íńkì á máa dà á, bọ́ọ̀dù á sì máa jó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lápá Arámọkọ ránṣẹ́ pè mí nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ á tẹ báńà dé àárín, á sì dúró gbọnrangandan, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà USB, wọ́n ti pa sọ́fítíwíà rẹ́ wọ́n sì ti gbé e padà, ẹnìkan sì ti sọ fún un pé kó lọ wá owó bọ́ọ̀dù ńlá. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara irin ẹ̀rọ náà, ó ta mí. Mi ò tú nǹkan kan. Mo tẹ̀lé wáyà earth jáde láti ojú fèrèsé, mo rí irin náà níbi tí wọ́n rì í sí lábẹ́ etí òrùlé, ó dá gbẹrẹ torí pé orí àpáta ló kàn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ bí eérú. Mo bi í pé níbo ni omi ìwẹ̀ ilé ń ṣàn gbà, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ rọ̀. Ibẹ̀ ni a gbẹ́, tó jìn dáadáa, a ri ọ̀pá bàbà sí i, a kó èédú àti iyọ̀ yí i ká, a da omi sí i títí ó fi mu ún yó, a wá fa wáyà tuntun wọlé. Báńà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tó ti ń já láti ìdajì jáde tán láìdúró. Ó ń wo bọ́ọ̀dù tó ti fẹ́ tìtorí rẹ̀ yáwó, kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kó máa da omi síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, iná. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò mọ̀ ọ́n. Iná á wálẹ̀ lálẹ́ nígbà tí gbogbo ìlú bá ti dé ilé, á sì fò sókè nígbà tó bá lọ tó padà dé. Ẹni tí kò bá ní stabilizer tó dára kò tíì ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ iná tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀wé lọ́wọ́, àárín flex ni hẹ́ẹ̀dì máa ń dúró sí, láìsí ìbòrí. Wọ́n á jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á rí i pé epo ti tán, wọ́n á rán ọmọ lọ sí ilé epo. Lójú ọyẹ́, kí ọmọ yẹn tó dé, íńkì ti ń gbẹ lẹ́nu ihò. Bí iná bá ti lọ, ẹ fi ọwọ́ rọra ti hẹ́ẹ̀dì padà sílé rẹ̀, sórí rọ́bà tó ń bò ó, kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ síbi jẹnẹrétọ̀. Ínfátà kékeré tó kàn lè gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí hẹ́ẹ̀dì fi ráyè wọlé, sàn ju ẹ̀bẹ̀ tí a ó máa bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìwà méjì níbí. Ní òwúrọ̀, òtútù orí òkè máa ń mú kí íńkì ki, ihò kan á ṣe bí ẹni pé ó dí, nígbà tó bá di ọ̀sán tí yàrá gbóná, á là fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti fi òwúrọ̀ yẹn fọ hẹ́ẹ̀dì léraléra ti fi íńkì ṣòfò, ó sì ti fi afẹ́fẹ́ kún àrùn. Èkejì ni iná tó ń gbá jọ sára flex bó ṣe ń họ ara irin nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ẹ̀kán íńkì tó yẹ kó balẹ̀ síbi kan á fọ́nká, etí lẹ́tà á hu irun wínníwínní. Wọ́n á ní hẹ́ẹ̀dì ti gbó. Omi tí a wọ́n sílẹ̀ yàrá, pẹ̀lú garawa omi kan tí a ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, àti earth tó dára, ló máa ń tán an.

Tí ìta bá ti mọ́ ni mo tó máa ń wọ inú, ibi tí hẹ́ẹ̀dì ń sùn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Cap ni rọ́bà tó ń bo hẹ́ẹ̀dì lóru kí íńkì má bàa gbẹ. Mo máa ti hẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa da omi ìfọ̀ kún cap náà dé etí, mo máa ní kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó gbé omi yẹn mì kíá, kí a gbọ́ ìró rẹ̀. Bí omi bá jókòó, rọ́bà pọ́ǹpù ti dí tàbí ó ti là. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi ìka tó mọ́ tẹ̀lé etí cap yípo. Íńkì gbígbẹ tó ga bí èékánná níbì kan ti tó kí afẹ́fẹ́ fi máa wọlé. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tó há síbẹ̀ burú jù, torí á máa fa íńkì jáde nínú hẹ́ẹ̀dì lẹ́kán kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀rọ tó sùn ní àlàáfíà tó jí pẹ̀lú àwọ̀ tó já, cap ni kí ẹ bi.

Wàyí o, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tún ìlà ìdánwò kọ. Ọmọ tó bá pààrọ̀ damper, tó fọ hẹ́ẹ̀dì, tó tún pààrọ̀ wáyà pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wò ó sàn, nígbà tí àrùn náà bá tún dé, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún wà. Lórí ẹ̀rọ tó ní hẹ́ẹ̀dì méjì, ẹ fi wáyà ti èkíní sí èkejì. Bí àrùn bá tẹ̀lé wáyà lọ, wáyà tàbí bọ́ọ̀dù ló ni ín. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ lè wá máa wo hẹ́ẹ̀dì. Ẹ yọ plug kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà yẹn, ẹ sì jẹ́ kí gbogbo iná tó kù nínú bọ́ọ̀dù tán. Ẹ̀kán íńkì kan ṣoṣo tó bá kán sẹ́nu wáyà pẹlẹbẹ tí iná ṣì wà lára rẹ̀ lè jó hẹ́ẹ̀dì àti bọ́ọ̀dù pọ̀.

Àléébù tí hẹ́ẹ̀dì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ṣì wà. Bí ìlà ìdánwò bá pé ṣùgbọ́n tí báńà ní ìlà funfun tó jìnnà síra wọn bákan náà, flex ló ń sún ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ ìlà dúdú, kò sún tó. Kọ̀ǹpútà la ti ń tún ìyẹn ṣe. Bí hẹ́ẹ̀dì bá lọ forí sọ ògiri ẹ̀rọ, ẹ wo encoder, rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ kedere tó ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́, òun ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tó wà. Ìkúukùu íńkì máa ń bò ó. Aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀ la fi ń nù ún, ẹni tó bá fi omi ìfọ̀ hẹ́ẹ̀dì nù ún á pa àwọn ìlà náà rẹ́. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n fẹ́ kó tóbi tó ilẹ̀kùn, kò sí ẹ̀rọ tó lè mú ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú fọ́tò gidi wá.

Ọ̀nà wa jìn sí ibi tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wà. Ṣómólú l'Ékòó ni ọ̀pọ̀ wa ń ránṣẹ́ sí, ọkọ̀ páàkì ni yóò sì gbé e wá sí Adó-Èkìtì kó tó dọ́wọ́ wa. Bí a bá dájọ́ èké, tí a ra ohun tí kò bàjẹ́, owó lọ, ọjọ́ lọ, àrùn sì wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ èyí, tí wọ́n sì ń jẹun lórí rẹ̀. Wọ́n á ní hẹ́ẹ̀dì ti kú, wọ́n á ta tuntun fún ọ, wọ́n á bá ọ gbé "òkú" náà lọ, yóò sì jí ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ó ń dùn mí, torí owó àjọ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fi ra ẹ̀rọ wọn. Hẹ́ẹ̀dì rẹ tó kú, tìrẹ ni. Gbé e sílé.

Mo ní ìwé kan tí mo ń lẹ ìlà ìdánwò sí, mo máa ń kọ ọjọ́, bí iná ṣe rí àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé yẹ́lò tó máa ń já láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìsinmi ọjọ́ Àìkú ló ń fà á. Láti ìgbà náà ni ẹnìkan ti ń dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìn láti fi ẹ̀rọ kọ ìlà ìdánwò kan. Ìwé náà sì jẹ́ kí n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìdìbò gómìnà. Kí a tó dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2018 àti ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2022, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, hẹ́ẹ̀dì kò sì fi bẹ́ẹ̀ dí. Lẹ́yìn ìdìbò tí iṣẹ́ dákẹ́, ìgbà yẹn ni ìpè ń wọlé láti ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó lásán ń pa hẹ́ẹ̀dì ju iṣẹ́ lọ.

Àkókò bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ta ẹ̀rọ àlòkù, àwọn tó ń ra sì ń pè mí kí n bá wọn wò ó. Ìlà ìdánwò tí wọ́n bá kọ lójú yín, kódà kó pé pérépéré, kò tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n ti hẹ́ẹ̀dì sórí cap, kí gbogbo yín lọ jẹun, kí ẹ padà lẹ́yìn wákàtí kan kí wọ́n tún un kọ láìfọ hẹ́ẹ̀dì. Ẹ da omi sí cap rẹ̀ lójú ara yín. Ẹ tẹ àwọ̀ dúdú gbọọrọ kan tó gùn tó mítà méjì, kí ẹ rí bóyá yóò ṣá. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè fún wákàtí kan, ẹ ká owó yín sápò, kí ẹ wọkọ̀ padà sílé.